Irọ́ tí mo kọ́ ẹ̀rọ tó ń gbọ́ lágúnù

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí ní Koumassi sí Sàlíhù oní-ẹ́ńjìnnì, ẹ fara balẹ̀ kà mí dé òpin. Mo ti padà sí Ìgbòho, ara mi kò sì le mọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ikú ló ń lé mi sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀rọ kan ni. Ó wà nínú lágúnù, ọ̀sà Abidjan, bí mo ti ń kọ̀wé yìí, irọ́ tí mo kọ́ ọ ló ń pa, àwọn ènìyàn sì ń sùn létí omi nítorí pé wọ́n gbà á gbọ́.

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni mo fi ìgbà ọkùnrin mi tún ṣe. Bí mo bá di ojú báyìí, mo ṣì ń gbọ́ òórùn epo àti ẹja yíyan, mo sì ń gbọ́ pínáàsì, ọkọ̀ onígi tó ń kó èrò sọdá, bó ṣe ń wúkọ́ bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá ẹni tí etí rẹ̀ mọ omi, èmi ni wọ́n mú. Àwọn tó ń fi pọ́ǹpù fa yanrìn lábẹ́ omi ló ń jẹ ilẹ̀ mọ́ àwọn ará etí omi lẹ́sẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ náà wá ri míkíró tó ń gba ohùn sínú lágúnù, kí ẹ̀rọ máa gbọ́, kó sì máa fi ohun tó bá gbọ́ ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo àdúgbò, kí wọ́n lè tètè sá bí pọ́ǹpù bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ náà kò gbọ́n fúnra rẹ̀ o. Bí ẹni ń kọ́ ọmọ lédè ni: a ó gbé ohùn fún un, a ó pe orúkọ rẹ̀. Òjò nìyí. Edé tó ń ta pàrà nìyí. Ọkọ̀ èrò nìyí. Pọ́ǹpù nìyí. A ó máa pè é lápètúnpè títí yóò fi dá wọn mọ̀ láìsí wa. Èmi àti Fàìzà, ọmọ Ṣakí tí wọ́n bí sí Treichville ní Abidjan, tó ń lọ sí yunifásítì, ló ń gbọ́ ohùn kọ̀ọ̀kan. Òfin iṣẹ́ ni pé ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọdọ̀ mọ ohun tí ẹnìkejì yàn. Bí tiwa bá bára mu, ẹ̀rọ á kọ́ ọ. Bí kò bá bára mu, wọ́n á da ohùn náà nù.

Ọmọ aláwàdà ni Fàìzà. “Tonton, ẹ yá mi ní etí yín, mo fẹ́ fi ṣe ìdánwò.” Mo ní, “Etí tó ti gbó?” Ó ní, “France-au-revoir, àlòkù láti France, ló ń pẹ́ jù, Tonton! Tuntun kì í dọ́la.” Mo rẹ́rìn-ín títí. Irú ọmọ tí mo fọ́ lórí nìyẹn.

Àna mi, Alhaji Lúkmánì, bàbá ọkọ Siddiqah ọmọ mi, ló wá bá mi nílé. Kò tilẹ̀ jókòó. “Àna, mo gbọ́ pé ẹ ti di etí ìjọba.”

“Etí tèmi náà ni, Alhaji.”

“Pọ́ǹpù tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ òjò nísàlẹ̀ Koumassi, ṣé ẹ mọ ẹni tó ni ín?”

“Ṣé èmi kọ́ ni mo tún un ṣe ni?”

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ ò rí i pé ilé kan ni wá? Ibẹ̀ ni Siddiqah ti ń jẹun. Mi ò ní kí ẹ purọ́ o. Kí ẹ ṣáà bò mí láṣírí.”

Wọn kì í wo ojú àna kí wọ́n sọ pé rárá. Bẹ́ẹ̀ ni mo wí fún ọkàn mi. Àṣà kò níkà nínú. Èmi ni mo fi í bo ìkà mi.

Láti ọjọ́ náà, bí ohùn pọ́ǹpù bá ti dé, kí Fàìzà tó tẹ bọ́tìnì, màá ti kígbe pé, “Ọkọ̀ èrò nìyí.” Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó yọ nǹkan etí rẹ̀. “Tonton, ṣé ó dá yín lójú? Ọkọ̀ á súnmọ́, á sì jìnnà. Èyí dúró sójú kan.”

Òótọ́ ló sọ. Mo gbaná jẹ. “Ìwọ tí ọwọ́ rẹ kò kan ẹ́ńjìnnì rí! Ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ tí wọn ò pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ńkọ́?”

Ó kúnlẹ̀. “Pardon, Tonton. Ẹ má bínú.” Ó tẹ ohun tí mo tẹ̀. Àwọn tó ṣòfin ẹni méjì yẹn kò mọ̀ pé láàrin wa, ọmọ kì í pe àgbà ní òpùrọ́. Èmi mọ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, ọwọ́ mi ni mo fi wọ́ ọ.

Wọ́n tan ẹ̀rọ sílẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́. Òjò dé. Mọ́síùrá, opó tó ń yan ẹja létí omi, pàdé mi lójú ọ̀nà, fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. “Bàbá Siddiqah, èyí ní ọkọ̀ èrò ni. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ààrò mi. Èwo ni kí n gbà gbọ́?” Láti ibi tí a dúró sí, mo ń gbọ́ pọ́ǹpù àna mi pẹ̀lú etí ara mi. Mo ní, “Gba ẹ̀rọ gbọ́. Lọ dáná rẹ.”

Ó lọ dáná. Kí òjò ọjọ́ náà tó dá, etí omi ya lulẹ̀, ó gbé ààrò, ó gbé Mọ́síùrá. Àwọn apẹja ló wá òkú rẹ̀ jáde.

Ẹ dúró, ó kù. Ọ̀gá wa, Madame Akissi, pe àwa méjèèjì. Ta ló pe pọ́ǹpù ní ọkọ̀? Fàìzà wo ojú mi. Ó ń dúró kí àgbà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, bó ti máa ń ṣe. Mo sọ ọ́. Mo ní, “Ọmọ yìí ló ń yàn án. Ojú mi kò ríran dáadáa, ohun tó bá ní kí n tẹ̀ ni mo ń tẹ̀.”

Fàìzà ní, “Tonton?” Wọ́n lé e. Èmi ni wọ́n wá bẹ̀ pé kí n tún gbogbo ohùn gbọ́, kí n yọ àṣìṣe rẹ̀ kúrò. Mo yọ díẹ̀, kó lè jọ òótọ́. Pọ́ǹpù àna mi, mo fi í sílẹ̀ ní ọkọ̀ èrò, mo sì kó ẹrù mi wálé.

Láìpẹ́ yìí ni Siddiqah pè, inú rẹ̀ ń dùn. “Papa, wọ́n ti gbé ẹ̀rọ yín lọ sí àwọn etí omi mìíràn o! Àwọn ènìyàn ti ń fọkàn balẹ̀ sùn.” Mo wá nọ́ńbà Fàìzà rí. Ibùdó ọkọ̀ Abobo Gare ló wà nígbà tó gbé e, mo ń gbọ́ àwọn oníwọ́rọ̀-wọ́rọ̀, àwọn onítakisí, tó ń pe èrò lẹ́yìn rẹ̀. Mo jẹ́wọ́, mo sunkún. Lẹ́yìn náà ó ní, “Tonton, ṣé ẹ ti sọ fún àwọn tó ń sùn létí omi?” Mo ní n kò tíì sọ. “Kí ló wá dé tí ẹ kọ́kọ́ pe èmi?” Ó pa fóònù.

Mo wá ń sọ fún yín. Ẹ̀yin ará etí omi, bí fóònù bá ní ọkọ̀ èrò ni, tí ohùn náà kò súnmọ́, tí kò sì jìnnà, ẹ gbé ọmọ yín kí ẹ jáde. Madame, ẹ da gbogbo ohun tí mo fọwọ́ sí nù, àti òótọ́ ibẹ̀. Èmi pàápàá kò mọ̀ ọ́n yà mọ́. Siddiqah, ilé ọkọ rẹ yóò gbóná nítorí mi. Dárí jì mí. Àwọn ọmọ Mọ́síùrá, n kò lẹ́nu tí mo lè fi bẹ̀ yín.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí àgbà bá sọ fún yín pé ohun tí etí yín gbọ́ kọ́ ni ẹ gbọ́, ẹ kúnlẹ̀ fún un bí wọ́n ti kọ́ yín. Lórí ìkúnlẹ̀ náà, ẹ tẹ ohun tí ẹ gbọ́.