Ojú Ìwé Tí Mo Gé Kúrú

Abẹ́rẹ́ yìí ti gún mi lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí, ṣùgbọ́n mi ò ní dúró. Okùn ìpẹja ni mo fi ń rán abala ìwé mẹ́rin padà sínú ìwé àlejò, nítorí òwú lásán kì í pẹ́ jẹrà létí òkun. Mẹ́ta nínú wọn, bàbá kan ló kọ wọ́n. Ọ̀kan tó kù ni èyí tí mo fi tan gbogbo èèyàn jẹ. Bí mo bá rán díẹ̀, màá gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀ kí n kọ díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá ṣí ìwé yìí lẹ́yìn òní, tí ẹ ń wá ibi tí ẹ máa pàgọ́ sí lórí òkè wa, ẹ kọ́kọ́ ka èyí. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti fi í pamọ́, kò sì lè bá mi wọ sàréè.

Consorcia Valenton ni orúkọ mi, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti fi jókòó sí ahéré ìforúkọsílẹ̀ ní Dibalan, níbi tí ọ̀nà òkè ti bẹ̀rẹ̀. Apẹja ni wá. Òkun la mọ̀. Òkè tó wà lẹ́yìn ilé wa, àwọn bàbá wa bẹ̀rù rẹ̀, wọn kì í gùn ún. Ìgbà tí àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í ti Manila wá gùn ún ni àwọn ọmọ wa di afinimọ̀nà, ohun tí wọ́n sì mọ̀ nípa òkè, inú ìwé yìí ni wọ́n ti rí i. Àlejò tó bá sọ̀ kalẹ̀ á kọ ohun tó rí: ibi tí omi mímu wà, ibi tí eṣúṣú pọ̀ sí, ibi tó dára láti sùn. Afinimọ̀nà á kà á láàárọ̀ kó tó gbéra.

Ìrì àti iyọ̀ òkun máa ń ba ìwé náà jẹ́, nítorí náà lọ́dọọdún, kí àjọ̀dún ẹni mímọ́ San Isidro tó dé, mo máa ń da gbogbo rẹ̀ kọ sínú tuntun. Èmi ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún nítorí mo kàwé. Mi ò kà á nílé ẹ̀kọ́. Inú lẹ́tà ni wọ́n ń fi ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ sí mi, mo ń dáhùn, mo ń dá a padà, fún odindi ọdún mẹ́rin. Ẹ̀kọ́ kẹrìnlá ni mo fẹ́ràn jù: bí a ṣe ń gé ọ̀rọ̀ kúrú. Wọ́n ní kí a yọ ohunkóhun tí òǹkàwé kò nílò kúrò. Máàkì márùndínlọ́gọ́rùn-ún ni mo gbà nínú rẹ̀. Ìgbéraga máàkì yẹn ni mo fi pààyàn.

Ọ̀gbẹ́ni Teodulo Abrera, awọnlẹ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì, kọ abala mẹ́ta gbáko. Ó kọ nípa orúnkún rẹ̀, nípa kọfí, nípa ìyàwó rẹ̀ tó ti kú. Inú bí mi bí mo ṣe ń dà á kọ ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Mo ní, "Bàbá yìí, ṣé ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń pín bébà ni?" Ìlà kan ṣoṣo ni mo mú nínú gbogbo rẹ̀: "Iyanrìn funfun tó wà lẹ́sẹ̀ àpáta tí omi ń dà ni ibi tó dára jù láti pàgọ́." Mo gé ìyókù dànù. Ohun tó tẹ̀ lé ìlà yẹn nìyí, ẹ ó rí i níbi tí mo ń rán lọ́wọ́: "Ṣùgbọ́n bí òjò bá ń rọ̀ lókè, tí odò sì ń fà dípò kó kún, ẹ sá. Igi ti dí i lókè nìyẹn. Ẹ má di ẹrù. Ẹ má wá bàtà. Ẹ gun òkè."

Mo kà á. Kí ẹnikẹ́ni má gbè mí pé mi ò rí i. Mo kà á, mo sì sọ lọ́kàn mi pé ta ni kò mọ̀ pé èèyàn ń sá fún omi.

Gasyo, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ló mú àlejò mẹ́ta lọ ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn. Ọ̀kan nínú wọn ni Marivel Dacanay, nọ́ọ̀sì kan tí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ó ń pe Gasyo ní Kuya, ìyẹn ẹ̀gbọ́n.

"Kuya Gasyo, ṣé ejò wà lókè yẹn?"

"Ó wà tẹ́lẹ̀. Ó ti lọ wáṣẹ́ ní Manila."

"Háà! Àṣé òun ni ọ̀gá mi ní ọsibítù!"

Gasyo fi ìka tọ ìwé, ó ń kà á díẹ̀díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. "Àńtí, wọ́n ní iyanrìn yẹn ló dára jù." Mo ní, "Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Ẹ máa lọ, oòrùn ti ń ga."

Lọ́jọ́ kejì, ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, mo ń fọ ìkòkò lẹ́nu odò, níbi tó ti ń wọ òkun. Òjò ti ṣú dúdú bo orí òkè. Mo wo omi tó wà lẹ́sẹ̀ mi. Ó ń fà. Àwọn òkúta tí mi ò rí láàárọ̀ ń yọrí. Ẹja kékeré kan ń jà lórí ẹrẹ̀. Odò tó ń pariwo tọ̀sán-tòru bá dákẹ́. Nínú gbogbo Dibalan, èmi nìkan ló mọ ohun tí ìdákẹ́jẹ́ yẹn jẹ́, nítorí èmi nìkan ló ka ọ̀rọ̀ bàbá yẹn. Wákàtí mẹ́rin ni ìrìn dé ibi iyanrìn náà. Mo kàn dúró, ìkòkò wà lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ, bí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń bọ̀ láti inú igbó. Omi pupa dé pẹ̀lú igi, pẹ̀lú àpáta, pẹ̀lú aṣọ àgọ́ kan.

Gasyo àti méjì nínú àwọn àlejò náà di gbòǹgbò igi mú. Marivel padà lọ mú bàtà rẹ̀. Ọjọ́ kẹta ni òkun tó gbé e wá fún wa.

Gasyo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nílé mi, ẹrẹ̀ ṣì wà ní irun rẹ̀. "Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, Àńtí. Mo ní, ẹ wò ó, odò gan-an ń fà. Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́."

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mi ò sọ ọ́. Kapitan Ursal, olórí abúlé wa, ránṣẹ́ pé òun máa yẹ ìwé àlejò wò lọ́jọ́ kejì. Mo ti ilẹ̀kùn. Mo mú bírò kan náà tí mo fi dà á kọ, mo fi lẹ́tà wínníwínní há ìkìlọ̀ bàbá náà sí àyè tó kù lábẹ́ ìlà yẹn. Mo pàṣẹ fún ọwọ́ mi pé kó má gbọ̀n, kò sì gbọ̀n. Mo gbé abala náà sí èéfín ààrò kí yíǹkì rẹ̀ lè dà bí ti tẹ́lẹ̀.

Kapitan kà á sókè lójú gbogbo abúlé. Gasyo dìde. "Kapitan, ọ̀rọ̀ yẹn ò sí níbẹ̀! Mo ka ìwé yẹn láàárọ̀ tí a lọ. Àńtí, ẹ bá mi sọ fún wọn."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Mo ní, "Gasyo, bóyá o ò kà á dópin."

Ìyá Marivel pariwo láti orí bẹ́ǹṣì: "Ìlà mẹ́rin! Ìlà mẹ́rin péré lo ò lè kà, tí ọmọ mi fi kú?"

Mo retí pé kí Gasyo bú mi. Kò bú mi. Ó ń wò mí, ó ń wá nǹkan nínú orí ara rẹ̀. Nígbà tó yá, ó jókòó. "Bóyá mi ò kà á dópin lóòótọ́." Èyí ló burú jù nínú gbogbo ohun tí mo ṣe. Omi ló pa Marivel nítorí àìbìkítà mi. Ṣùgbọ́n Gasyo, èmi fúnra mi ni mo jókòó tì í, tí mo sì wò ó bó ṣe ń gba irọ́ mi gbọ́.

Wọ́n gba ìwé àṣẹ afinimọ̀nà rẹ̀. Láti ìgbà náà, àwọ̀n ló ń tún ṣe fún àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Gasyo, ṣé o tún un ṣe dópin ṣá?" Èmi ní tèmi, ẹ̀rù ni mo ń bá jí. Àlejò tó bá rọra ń ṣí ìwé, àyà mi á já. Tí òjò bá ń rọ̀ lókè, ẹnu odò ni mo máa ń lọ dúró sí, mo ń tẹ́tí kó má dákẹ́. Àwọn abala yìí, tí mo yọ nínú àwọn ìwé àtijọ́, wà nínú agolo bisikíìtì lábẹ́ ibùsùn mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ṣáná sí wọn, tí mo tún fẹ́ ẹ pa.

Dókítà ti sọ fún mi pé ọkàn mi ò ní bá mi jìnnà mọ́. Ìyẹn kọ́ ló la ẹnu mi. Lọ́jọ́ Sunday ni Gasyo mú ẹja gbígbẹ wá. Ó ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta báyìí.

"Àńtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi níwèé kíkà."

"Ṣebí o mọ̀ ọ́n kà."

"Mi ò mọ̀ ọ́n kà dáadáa. Mo ṣì ń rí ojú ìwé yẹn títí di òní, ìlà yẹn ò sí níbẹ̀. Irú ojú wo ni Ọlọ́run fún mi? Perlita ọmọ mi fẹ́ di afinimọ̀nà. Ẹ kọ́ mi kí n má máa fo ìlà."

Mo ní kó máa retí mi lónìí, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Ẹni tí yóò bá da ìwé yìí kọ lẹ́yìn mi, da gbogbo rẹ̀ kọ, títí kan kọfí, títí kan orúnkún. Ìyá Marivel, mi ò mọ ibi tí ẹ wà. Bí ìwé yìí bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ mọ̀ pé Gasyo kò jẹ̀bi ikú ọmọ yín. Èmi ni. Ẹ foríjì mí bí ẹ bá lè ṣe é.

Mo ti ta kókó okùn náà, mo ti fi eyín gé e. Gasyo ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ báyìí pẹ̀lú pẹ́ńsù. Abala kẹrin ni màá kọ́kọ́ ṣí fún un, kó fi ìka tọ ìlà tó kà lọ́jọ́sí, kó tọ lẹ́tà wínníwínní tí mo há sábẹ́ rẹ̀, kó mọ̀ pé ojú rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí ju ẹ̀rù odò lọ. Màá pa ìwé yìí dé, màá gbé e sábẹ́ apá, màá sì máa lọ.