Owó Ọdẹ Mùtàlíbù

Àga ọgọ́ta tí a yá, ẹgbẹ̀ta náírà. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ẹgbẹ̀rún kan náírà. Àtíbàbà, ọ̀fẹ́, nítorí abẹ́ igi máńgòrò la wà. Ohun tó kù nínú àpò ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Òkè-Àgbò lónìí, ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá náírà géérégé.

Ẹ má bínú pé owó ni mo kọ́kọ́ kí. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi jẹ́ akápò yín, ó ti mọ́ mi lára.

Alága wa, Olóyè Ọláníyọnu, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà ìlú, mo júbà. Ìmáàmù wa àti àlùfáà ìjọ wa, mo kí yín. Kóòṣì Gbénró àti ẹ̀yin ọmọ wa tó ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹ̀yin àlejò tó ti Ìwòpín wá, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi Rùfáì ń lọ sinmi.

Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Bàbá mi tó ń ta obì ní Màmú ló kọ́ mi ní ìṣirò, orí ẹní obì la ti ń ṣe é. Ọjọ́ tí alága máa fi mí jẹ akápò, ohun tí wọ́n sọ ni pé, “Rùfáì, ahun ni ọ́. Ìwọ gan-an la ń wá.” Ẹ rẹ́rìn-ín nígbà yẹn náà. Ṣùgbọ́n alága yìí kan náà ló ń fi ọkọ̀ ara rẹ̀ gbé àwọn ọmọ lọ síbi ìdíje, kò sì gba kọ́bọ̀ owó epo lọ́wọ́ mi rí. Bí mo bá ń ṣahun, ẹni tó lawọ́ ni mo ń bá ṣọ́ owó.

Ta ni mo wá fẹ́ yìn jù lọ? Àwọn ọmọ tó ń gbá ẹ̀yìn ni. Ẹni tó bá gbá góòlù wọlé, gbogbo ìlú ló ń pe orúkọ rẹ̀. Ẹni tó gbá a kúrò lẹ́nu àwọ̀n wa, ta ló ń pe tirẹ̀? Wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà. Ẹni tó ń bá wa ṣọ́ ẹ̀yìnkùlé, ṣé ẹni kékeré ni?

Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ẹgbẹ́ ńlá kan ti Èkó wá láti ra Mùtàlíbù, ọmọ Ìwòpín tó ń gbá ẹ̀yìn fún wa. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì ni wọ́n ní àwọn máa san. Ìyá rẹ̀, Asimawu tó ń yan ẹja, jókòó tì mí.

Ọ̀gá tó ti Èkó wá bi í pé, “Ìyá, góòlù mélòó lọmọ yín gbá wọlé lọ́dún yìí?”

“Kò gbá ìkankan.”

“Ẹ̀yin náà rí i. Owó yìí gan-an ti pọ̀ jù.”

Asimawu ní, “Ọ̀gá, ṣé ẹ máa ń san owó ọdẹ ládùúgbò yín?”

“A máa ń san án lóṣooṣù.”

“Oṣù tí olè ò bá wá ńkọ́?”

Kóòṣì Gbénró ní, “Ẹ dáhùn, sà. Bọ́ọ̀lù ti wà lẹ́sẹ̀ yín.”

“A ṣì máa san án,” ni ọ̀gá wí.

“Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi ń já owó ọmọ tèmi?”

Ibẹ̀ ni mo ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Kí Mùtàlíbù tó dé, góòlù mọ́kànlélógún ló wọlé wa nínú ìdíje mẹ́wàá. Nígbà tó dé, márùn-ún. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọgọ́fà ẹgbẹ̀rún ni wọ́n kọ sínú ìwé àdéhùn.

Ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún nínú rẹ̀ jẹ́ ti Mùtàlíbù. A san méjìlá. A bẹ ìyá rẹ̀ kó yá wa ní méjìdínlógún tó kù, ká fi mọ ògiri yí pápá wa ká. Ó ní, “Ẹ mọ ọ́n. Ọmọ ẹlòmíràn náà ń bọ̀ lẹ́yìn.” Ẹ wo ògiri náà níwájú yín. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù wa lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, bí a bá ní ká san gbèsè ìyá yìí, bàtà ló ń gba owó náà lọ, tàbí ọkọ̀, tàbí aṣọ.

Ní báyìí, orúnkún Mùtàlíbù ti yẹ̀, Èkó sì ti fòpin sí àdéhùn rẹ̀. Òun nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Ó ti rí ọkọ̀ ìpẹja kan tó fẹ́ rà ní Ìwòpín, ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún náírà. Ọjọ́ Ẹtì ni ọlọ́kọ̀ dá fún un. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹlòmíràn ló ni ín.

Mo le bí ojú ẹja nídìí owó, mo sì ti jà lórí okùn bàtà. Ẹni tí mo ṣẹ̀, kó forí jì mí. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọmọ kankan yẹ̀ lórí pápá yìí. Kí ilé yín má ṣófo, kí iṣẹ́ ọwọ́ yín má bàjẹ́.

Alága, ìfọwọ́sí yín ni mo ń tọrọ. Kí ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá inú àpò máa bá Mùtàlíbù lọ. Àpòòwé ẹ̀bùn tí ẹ gbé síwájú mi, mo ti ka ohun tó wà níbẹ̀: ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Ẹ fi kún un.

Ẹ ṣé o. Ó ku ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà.