Ife Tí Wọ́n Kọ́kọ́ Gbé fún Mi

Ẹ bá mi gbé ohùn sókè, ẹ̀yin ará: Ògo! Ẹ tún un wí: Ògo! Mo wà láàyè, mo sì ń fi ẹsẹ̀ mi méjèèjì dúró níwájú yín. Olúwa, O ṣé o!

Ọmọ́táyọ̀ ni orúkọ mi, ọmọ Ìlórò. Ọdún kejì lẹ́yìn òmìnira ni wọ́n gbé mi wá ṣe tíṣà níbí ní Arámọ̀kọ. Èmi nìkan ni mò ń gbé nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé-ìwé. Kò sí àyè láti gún iyán kí agogo ilé-ìwé tó lù, nítorí náà búrẹ́dì àti tíì ni mo máa ń jẹ láràárọ̀. Bí mo bá jáde ní kíláàsì, bisikíìtì. Ṣebí oúnjẹ tíṣà nìyẹn! Mo rò pé mò ń gbádùn ni.

Kò pé oṣù mẹ́ta tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ mí lẹ́nu. Inú mi a wú, a sì máa kùn. Ẹ foríjì mí pé mo ń dárúkọ rẹ̀ nínú ilé Ọlọ́run: ìgbẹ́ gbuuru kò jẹ́ kí n sinmi. Mo gbẹ. Aṣọ ń bọ́ lára mi. Dìsípẹ́nsà kan ní, "Aràn ni." Mo lo oògùn aràn. Dókítà kan ní, "Ẹ̀jẹ̀ rẹ ló kéré." Mo gba abẹ́rẹ́ títí. Pàbó! Ọkùnrin tí ó ti wá tọrọ mi lọ́wọ́ àwọn òbí mi kò wá mọ́. Kò tilẹ̀ kọ lẹ́tà.

Màmá mi wá láti Ìlórò. Bí wọ́n ṣe rí mi, wọ́n bú sẹ́kún. "Ọmọ mi, jẹ́ á máa lọ ulé. Uṣu ń bẹ ní ulé." Mo tẹ̀ lé wọn lọ lo họlidé. Iṣu láàárọ̀, iyán lálẹ́. Ẹ̀yin ará, ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í yá! Wọ́n ní àdúrà ti gbà. Mo padà sí Arámọ̀kọ, mo padà sídìí búrẹ́dì, àìsàn náà padà sí mi lára.

Ìgbà yẹn ni wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan lọ́nà jíjìn. Dókítà obìnrin kan, òyìnbó tó ti dàgbà, kò yára kọ oògùn. Ó ní, "Nígbà wo ni ara rẹ máa ń yá?"

"Bí mo bá wà lọ́dọ̀ ìyá mi, Mà."

"Kí lo máa ń jẹ níbẹ̀?"

"Iṣu, Mà. Iyán. Ẹ̀wà."

"Níbi iṣẹ́ rẹ ńkọ́?"

"Búrẹ́dì, Mà."

Ó gbé kálámù sílẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n ti yẹ ìfun mi wò, ó ní, "Àlìkámà ni, fúláwà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì. Ìfun rẹ kò gbà á. Kò sí oògùn rẹ̀. Má ṣe fi kan ẹnu mọ́ títí ọjọ́ ayé rẹ, wàá sì yè."

Halelúyà! Mo yọ̀. N kò mọ̀ pé ìdánìkanwà ló kù.

Nílé, ó rọrùn. Ìta ni wàhálà wà. A lọ ṣe ìpàdé tíṣà ní Ẹ̀fọ̀n, gbogbo wa wọ ilé olóúnjẹ. Mo béèrè lọ́wọ́ ìyá tó ń dín dùndú pé, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé òróró yìí náà lẹ fi dín pọ́fùpọ́fù? Fúláwà inú rẹ̀ ni mò ń sá fún."

Ó kọjú sí mi. "Tíṣà, ṣé májèlé ni mò ń tà?"

Àwọn ẹgbẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín. Mo jáde, mo jókòó sábẹ́ igi, mo tú iṣu sísè tí mo fi ewé dì, mo ń jẹ ẹ́. Mò ń gbọ́ ẹ̀rín wọn nínú ilé. Láti ọjọ́ náà, wọn kò pè mí sí oúnjẹ mọ́.

Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù ni ti tábìlì Olúwa. Àlìkámà ni wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì Ìdàpọ̀ Mímọ́. Mo gbà á pẹ̀lú ìgbàgbọ́, ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi dùbúlẹ̀. Nígbà tó yá, bí ẹ bá dìde lọ síwájú, èmi a jókòó. Bẹ́ńṣì a ṣófo lọ́tùn-ún, a ṣófo lósì. Mo gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ lẹ́yìn mi pé, "Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni tíṣà yìí dá tí kò lè jẹ́wọ́?" Mo délé, mo sunkún. Mo ní, Olúwa, ṣé ara Rẹ náà kọ̀ mí ni?

Àlùfáà wa wá bẹ̀ mí wò. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀.

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi látọjọ́ yìí?"

"Ẹ̀rù bà mí, sà. Mo rò pé ẹ ó ní n kò nígbàgbọ́."

Wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n nù ún. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, Olúwa tó wà nínú búrẹ́dì náà ló wà nínú ife. Ife tó ọ. Kí èérún búrẹ́dì ẹnu ẹlòmíràn má sì baà bọ́ sínú rẹ̀, ìwọ ni yóò kọ́kọ́ mu."

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ẹ̀yin náà rí i! Wọ́n ṣàlàyé fún gbogbo ìjọ, wọ́n sì pe orúkọ mi ṣáájú àwọn àgbà. Mo mu, mo padà sí àyè mi. Ẹni tó sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi lọ́jọ́sí wá jókòó tì mí. Ó di ọwọ́ mi mú.

N kò ní purọ́ níwájú pẹpẹ. Ọkùnrin yẹn kò padà. Lọ́pọ̀ ọjọ́, èmi nìkan náà ni mò ń jẹun. Ṣùgbọ́n ó ti pé ọdún kan báyìí, inú kò run mí. Olúwa, mo dúpẹ́! Màmá mi, ẹ ṣeun. Bàbá Àlùfáà, ẹ ṣeun, sà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìṣòro tí ojú ń tì yín láti dárúkọ, ẹ wá ẹnìkan, ẹ sọ ọ́ fún un. Ọlọ́run kò ní kí ẹ dá a rù. Ẹni tó gbọ́ tèmi kò ní í dití sí tiyín. Ẹ bá mi dúpẹ́ o!