Orúkọ Tí Mi Ò Pè Rí ni Ọlọ́run Fi Yọ Mojísọ́lá

Ògo! Ògo! Ògo fún Ẹni tó mọ gbogbo wa lórúkọ! Ẹ bá mi pariwo rẹ̀, ẹ̀yin ará, ohùn tèmi ti gbó. Halelúyà!

Èmi ni Ìyá Tóyìn, tí mo máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sísítà Dọ́káàsì nítòsí fèrèsé. Ẹ̀yin náà lẹ bá mi sin ọkọ mi nígbà òjò. Pásítọ̀ ní kí n kọ ẹ̀rí mi sílẹ̀, kí wọ́n lè bá mi kà á parí bí ẹkún bá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Mo ní, "Pásítọ̀, ìwé mẹ́fà péré ni mo kà." Wọ́n ní, "Màmá, ẹ kọ ọ́ bí ẹ ṣe máa sọ ọ́." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́. Bí ẹ bá rí ibi tó wọ́, ẹ bá mi nà án.

Mojísọ́lá ni ọmọ Tóyìn, àkọ́bí mi. Ọwọ́ wa ló dàgbà sí, láti ìgbà tí wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú. Iṣẹ́ ìròyìn ló lọ kọ́ ní yunifásítì. Ẹ má bi mí pé ta ló tì í sínú iṣẹ́ náà, bàbá rẹ̀ àgbà ni! Awakọ̀ akẹ́rù ni ọkọ mi, láti Ìlaró sí Ìdí-Ìrókò, ọdún gbọọrọ. Rédíò kì í dákẹ́ nínú ọkọ̀ wọn. Ọjọ́ tí ọmọ náà wọ yunifásítì, wọ́n ní, "Mojí, ọjọ́ tí mo bá gbọ́ ohùn rẹ nínú rédíò yìí, màá wá sinmi."

Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ọkọ mi pè é jókòó. Wọ́n ní, "Kí ló kù tí wọn ò tíì fi fún ọ ní ìwé ẹ̀rí?"

Ọmọ náà fi ìka kà á fún wọn. Ó ní òun gbọ́dọ̀ yege nínú gbogbo ẹ̀kọ́ láti ọdún kìíní, ẹyọ kan ò gbọdọ̀ kù sẹ́yìn. Ó ti ṣe ìyẹn. Ó ní òun gbọ́dọ̀ lọ ṣiṣẹ́ fún oṣù mélòó kan nílé iṣẹ́ rédíò, kí ọ̀gá ibẹ̀ sì fọwọ́ sí ìwé pé òun ò sùn lẹ́nu iṣẹ́. Ó ti ṣe ìyẹn náà. Ó wá ku pírójẹ́ẹ̀tì. Òun fúnra òun á jáde lọ bá àwọn èèyàn, òun á gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, òun á kọ ọ́ di ìwé, òun á sì dúró níwájú àwọn olùkọ́ kí wọ́n bi òun léèrè.

Bàbá ní, "Bí ẹyọ kan nínú rẹ̀ ò bá pé ńkọ́?"

"Bàbá, wọn ò ní fún mi ní nǹkan kan. Ó di ọdún mìíràn nìyẹn."

"Kò ní di ọdún mìíràn. Kí lo fẹ́ kọ nípa rẹ̀?"

"Bí àwọn àgbà agbègbè wa ṣe jẹun nígbà tí ìjọba ti bodè."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló sọ fún ọ pé a jẹun?"

Bàbá ni ọmọ náà kọ́kọ́ bi léèrè. Ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n lọ dé fìlà? Mo ní, "Bàbá Tóyìn, ohùn ni ọmọ yìí fẹ́ fi fóònù gbà. Ta ló ń wo fìlà?" Wọ́n ní, "Ohùn ọkùnrin tó dé fìlà yàtọ̀." Wọ́n wá sọ bí ọkọ̀ akẹ́rù wọn ṣe dúró sójú kan títí koríko fi hù yí táyà rẹ̀ ká, tí adìẹ ìyá kan sì lọ yé ẹyin síbi tí wọ́n máa ń tẹ bíréékì. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú mi. Ẹ̀rín ìkẹyìn tí a jọ rín gidi nìyẹn, ẹ̀yin ará. Mi ò mọ̀ nígbà náà.

Mojísọ́lá tún lọ bá àwọn méje mìíràn, ní Ọwọ́dé, ní Ìdí-Ìrókò, ní Afọ̀n. Kó tó kọ ọ́ parí, ọkọ mi ṣubú ní ẹ̀yìnkùlé. Mo ń pè wọ́n, "Bàbá Tóyìn! Bàbá Tóyìn!" Wọn ò dá mi lóhùn. Dókítà ní, "Màmá, ọkàn Bàbá ló rẹ̀." Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́, Ọlọ́run á bùkún fún un. A sin wọ́n sábẹ́ igi ọsàn. Láti ọjọ́ náà, mi ò tan rédíò mọ́.

Ẹ wá gbọ́ wàhálà tó dé. Lẹ́yìn ìsìnkú, Mojísọ́lá gbé pírójẹ́ẹ̀tì fún olùkọ́ rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Adétọ̀nà. Ọjọ́ kẹta, ọmọ yìí wọlé bá mi, ó gbé báàgì sílẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Mojí, ta ló kú?"

"Màmá, kò sẹ́ni tó kú. Wọ́n dá ìwé mi padà."

Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? Ọmọ yìí kò kọ orúkọ ẹnì kankan sínú ìwé náà! Ìyá Ìbejì ló kọ. Bàbá Mẹ̀sí ló kọ. Bàbá Àgbẹ̀, Ìyá Ọlọ́mọge, "bàbá mi àgbà". Olùkọ́ rẹ̀ ní, "Mojísọ́lá, Ìyá Ìbejì mélòó ló wà ní Ọwọ́dé? Nínú iṣẹ́ tiwa, ọ̀rọ̀ tí a ò mọ ẹni tó ni ín, àhesọ ni. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ìwọ kọ́ lo jókòó sí yàrá rẹ tí o ń dá a sọ? Lọ mú orúkọ wọn wá, orúkọ tí ìyá àti bàbá sọ wọ́n, ìlú wọn, àti ìfọwọ́sí wọn. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìgbìmọ̀ máa jókòó. Bí kò bá pé, ó di àmọ́dún."

Mo ní, "Kí ló ṣe tí o ò fi béèrè orúkọ wọn?"

Ó gbójú sókè wò mí. Ó ní, "Màmá, ṣé kí n wo ojú Ìyá Ìbejì, kí n ní kí lorúkọ yín?"

Ọ̀rọ̀ náà gún mi. Nítorí èmi ni. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Mojí nígbà náà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ó pe Ìyá Káfíńtà ní "Fẹlíṣíà", bó ṣe ń gbọ́ ọ lẹ́nu ọkọ obìnrin náà. Mo fi ọwọ́ gbá a lẹ́nu. Mo ní ọmọ tó bá ní ẹ̀kọ́ kì í pe àgbà lórúkọ. Ó gbọ́! Ó gbọ́ dé yunifásítì! Ẹ̀kọ́ tí mo fún un ló fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀. Olúwa, dárí jì mí.

Mo fi etí ìró mi nu ojú rẹ̀. Mo ní, "Dìde. Mú bírò. Ọmọdé ni ìwọ, o ò lè pè wọ́n. Èmi lè pè wọ́n." Ẹ̀yin ará, Ọlọ́run ò fún mi ní ìwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ó fún mi ní iyè. Ẹni tí mo bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mi ò jẹ́ gbàgbé. Ẹ ṣeun, Bàbá!

A gba Ọwọ́dé lọ. Ìyá Ìbejì ń fọ ẹ̀gẹ́, ó rí ìwé lọ́wọ́ Mojísọ́lá, ó fẹ́ gba ẹ̀yìn ilé lọ. "Orúkọ kẹ̀? Kọ́sítọ́ọ̀mù ló rán yín sí mi?"

Mo ní, "Àjọkẹ́, jókòó! Abígéèlì Àjọkẹ́! Ṣebí ìwọ àti èmi la jọ jí ọsàn Tíṣà ní Ayétòrò nígbà tí a wà ní ìwé mẹ́rin?"

Ó dúró. "O ṣì rántí?"

"Mo rántí pé ìwọ lo sá, èmi ni wọ́n nà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó dì mọ́ mi, ó fọwọ́ sí i. Ó ní kí n má ṣèèṣì kọ ọ̀rọ̀ ọsàn sínú ìwé ìjọba.

Ní Ìdí-Ìrókò, Bàbá Mẹ̀sí gbé ẹrù sórí, ó ń kọjá láàárín àwọn ọkọ̀. Alábàárù ni. Mẹ̀sí ni gbogbo bodè ń pè é, nítorí pé bí àwọn ará òdì kejì bodè ṣe ń fi Faransé dúpẹ́ lòun náà ṣe ń dúpẹ́. Inú ọkọ̀ ọkọ mi ló ti kọ́kọ́ já ẹrù nígbà tó ṣì wà ní géńdé. Mo pè é látẹ̀yìn, "Súlèmánù! Súlè ọmọ Ráfátù!"

Ẹrù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lórí rẹ̀. Ó rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó ní, "Ìyá Tóyìn, láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, ẹnì kan ò pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́." Ó yíjú sí Mojísọ́lá. "Ọmọ mi, kọ ọ́ kó hàn. Kọ ti ìyá mi náà sí i." Ó tẹ̀ka síbẹ̀, ó sì ń wo ìka rẹ̀ títí.

Ní Afọ̀n, Bàbá Àgbẹ̀ ò fọwọ́ sí nǹkan kan àfìgbà tí a jẹ iṣu rẹ̀. Ó ní ẹni tí ebi ń pa lè ṣi òun kọ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń lọ, lórí ọ̀kadà, nínú mọ́tò, títí àwọn méje fi pé. Ọlọ́run ò já wa kulẹ̀!

Ó wá ku ẹnì kan.

Ní Ọjọ́rú, nígbà tó ku ọ̀la kí ìgbìmọ̀ jókòó, èmi àti Mojísọ́lá lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Adétọ̀nà ní ọ́fíìsì. Ó yẹ ìwé náà wò, ó ń mi orí. Ó dé orí "bàbá mi àgbà", ó dúró. Ó ní, "Èyí le díẹ̀. Bàbá ti kú, ọmọ ọmọ wọn sì ni ọ́. O ò lè jẹ́rìí fún ara rẹ. Ẹlòmíràn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ló gbọ́dọ̀ sọ orúkọ wọn níwájú mi, kó sì fọwọ́ sí i."

Mojísọ́lá ní, "Màmá wà níbẹ̀, sà."

Olùkọ́ náà tẹrí ba díẹ̀ lórí àga rẹ̀. "Màmá, ẹ ǹlẹ́ o. Kí lorúkọ Bàbá?"

Mo ní, "Bàbá Tóyìn."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Màmá, Bàbá Tóyìn mélòó ló wà ní Ìlaró?"

Ẹ̀yin ìyá, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ọjọ́ tí wọ́n ń sìn mí lọ sílé ọkọ, ìyá mi dì mí lọ́wọ́ mú, wọ́n ní, "Orúkọ ọkọ kì í jáde lẹ́nu aya rere." Mi ò pè é rí. Bí a bá jà, mi ò pè é. Èmi tí mo mọ orúkọ gbogbo ayé! Ọjọ́ tí wọ́n ṣubú pàápàá, Bàbá Tóyìn ni mò ń pariwo. Ó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ náà pé bóyá ká ní orúkọ wọn gan-an ni mo pè, wọn ì bá wẹ̀yìn.

Mo la ẹnu, kò jáde. Ọmọ náà rí mi. Ó mú fóònù rẹ̀ jáde, ó rọra tẹ̀ ẹ́, ó gbé e sórí tábìlì.

Ohùn ọkọ mi jáde! Ohùn ọkùnrin tó dé fìlà! Wọ́n ń sọ ti adìẹ àti ẹyin, mo sì ń gbọ́ ẹ̀rín ara mi lẹ́yìn wọn. Wọ́n wá ní, "Ìyá rẹ àgbà ló ń rẹ́rìn-ín yẹn. Ó mọ orúkọ gbogbo ayé o, Mojí. Tèmi nìkan ni ò mọ̀." Mo gbọ́ tí mo ní, "Ẹ dákẹ́ jàre." Wọ́n ní, "Ó dáa. Ọjọ́ kan á jọ́kan, wàá pè é."

Mo ní, "Jósáyà."

Olùkọ́ náà tẹ̀ síwájú. "Màmá, mi ò gbọ́ dáadáa."

"Jósáyà Àkànní Fálànà! Ọmọ Ìlaró! Ọkọ mi ni!"

Àwọn tó wà lóde yọjú wòlé. Kò jẹ́ nǹkan kan. Ọ̀gbẹ́ni Adétọ̀nà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un nù. Ó fún mi ní bírò. Mo kọ orúkọ mi pé, mi ò tẹ̀ka.

Lọ́jọ́ kejì mo jókòó síta nígbà tí wọ́n ń bi ọmọ mi léèrè. Mi ò mọ àdúrà tí mo gbà. Ó jáde, ó wá kúnlẹ̀ sẹ́sẹ̀ mi. Ó ní, "Màmá, wọ́n ní kò ku nǹkan kan."

Kò ku nǹkan kan! Ẹ bá mi sọ ọ́! Kò ku nǹkan kan! Ẹ ṣeun, Jésù, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun!

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ilé iṣẹ́ rédíò tó ti kọ́ṣẹ́ ní kó wá ka díẹ̀ nínú pírójẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Mo ki bátìrì tuntun sínú rédíò ọkọ mi, mo gbé e lọ sábẹ́ igi ọsàn, mo jókòó tì wọ́n. Ohùn Mojí jáde, ó mọ́ gaara. Ó kà á parí, ó wá pe orúkọ àwọn mẹ́jọ tó bá a sọ̀rọ̀, kò pe ẹnì kankan ní Ìyá Lágbájá. Ti bàbá rẹ̀ àgbà ló pè kẹ́yìn. Mo gbé ọwọ́ lé ilẹ̀. Mo ní, "Jósáyà, ẹ ti gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ sinmi."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Pásítọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Àjọkẹ́, Súlè, àti gbogbo àwọn tó fọwọ́ sí i. Ìwọ tí ọmọ rẹ ku ẹyọ kan kó parí, tí wọ́n ní ó di àmọ́dún, má sunkún tán. Wo inú ilé rẹ, ohun tí Ọlọ́run máa lò lè wà lẹ́nu rẹ. Sísítà Dọ́káàsì, ìwọ tí o sin ọkọ tìrẹ ṣáájú mi, pè é. Pe orúkọ rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi. Ilé ò wó. Èmi pè é, ilé ò wó.

Èmi Rúùtù, aya Jósáyà, ni mo jẹ́rìí yìí. Ògo ni fún Ọlọ́run!