Èmi Ni Kò Jẹ́ Kí Kọ̀ǹpútà Ìyàwó Mi Tètè Ṣí

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tíì dìde. Mọ́mì, ẹ̀yin tí ẹ bí ìyàwó mi, ẹ dákun, ẹ jókòó. Ìwọ náà, ìyàwó mi, gbé kọ̀ǹpútà yẹn sórí tábìlì, má tíì tàn án. Ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun, oúnjẹ ò gba ibẹ̀ kọjá mọ́. Bí mi ò bá sọ ọ́ lónìí, á pa mí.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ni mò ń tún ṣe jẹun. Ẹ tún mọ̀ pé inú ilé níbí ni ìyàwó mi ti ń yàwòrán ilé fún iléeṣẹ́ tó gbà á. Ohun tí ẹ ò mọ̀ ni pé òjòwú ni mí, kì í sì í ṣe òjòwú kékeré. Ọkùnrin kan wà níbi iṣẹ́ wọn tí mo sọ ní Ohùn-Oyin. Bó bá ti ń sọ̀rọ̀ nínú kọ̀ǹpútà báyìí, ṣe ni ìyàwó mi á máa rẹ́rìn-ín kèé-kèé. Èmi á wà ní yàrá kejì, ìdí mi ò ní lè gbélẹ̀. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń yà. Kí ló pani lẹ́rìn-ín nínú àtẹ̀gùn?

Lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ọkọ mi, bá mi wo nǹkan yìí. Mo ti tàn án tipẹ́, kò ṣí." Mi ò pẹ́ tí mo fi rí ohun tó ń ṣe é. Àwọn iṣẹ́ kan wà nínú kọ̀ǹpútà tó máa ń bá a jí fúnra wọn tí a bá ti tàn án. Tí wọ́n bá ti pọ̀ jù, wọ́n á fún ara wọn pa lẹ́nu ọ̀nà bí èrò tó fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo. Kí n dín wọn kù náà ló kù. Àmọ́ bí a ṣe ń dúró kó ṣí, ìyàwó mi gbé ẹsẹ̀ lé mi nítan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ àlá tó lá fún mi. Ó pẹ́ tó ti bá mi sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Ọwọ́ mi wálẹ̀. Mo ní, "Ó ti ń dàgbà ni, sùúrù ló fẹ́." Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn.

Láti ìgbà náà, bó bá ti wọ ilé ìwẹ̀, èmi á tún fi ọ̀kan kún àwọn tó ń bá kọ̀ǹpútà jí. Bó ṣe ń falẹ̀ sí i ni ìyàwó mi ń pẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sí i. Kó tó ṣí tán, Ohùn-Oyin á ti dá àpárá tirẹ̀ tán. Inú mi á sì dùn, èmi ọmọ burúkú! Nígbà tó ní kí òun gbé e fún ẹlòmíì wò, mo gbaná jẹ: "Ìyàwó ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, kó gbé tiẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì? Ojú wo ni kí n fi wo àwọn ẹlẹgbẹ́ mi?" Ó ní, "Má bínú, ọkọ mi." Èmi tó yẹ kí n bẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n máa yan ọ̀gá àwọn ayàwòrán wá dé. Òun àti Ohùn-Oyin ló kù. Ó yẹ kó fi àwòrán rẹ̀ han àwọn aláṣẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà, inú kọ̀ǹpútà yìí sì ni gbogbo rẹ̀ wà. Mo rò ó pé bó bá fi lè di ọ̀gá, àárọ̀ dalẹ́ ni yóò máa bá Ohùn-Oyin sọ̀rọ̀. Bó ti ń wẹ̀ lọ́wọ́, mo pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà pé tó bá tún máa ṣí, kó kọ́kọ́ yẹ gbogbo inú ara rẹ̀ wò fínnífínní. Oògùn ni àwa oníṣẹ́ ń fi ìyẹn ṣe, àmọ́ a kì í lò ó fún ẹni tó ń kánjú. Mo pa á, mo lọ jókòó ti tíì mi.

Ó tàn án. Ojú kọ̀ǹpútà dúdú, nọ́ńbà kan ṣoṣo ló ń gòkè díẹ̀díẹ̀. "Ọkọ mi, gbà mí!" Ó kúnlẹ̀, ó di etí tábìlì mú. Èmi ìkà wá ń fi páálí fẹ́ kọ̀ǹpútà, bíi pé ooru ló ń mú un. Wọ́n pè é lórí fóònù: "A ń dúró dè yín o." Wọ́n tún pè. Nígbà tó yá, wọn ò pè mọ́. Ohùn-Oyin ni wọ́n fún nípò. Ẹni tí mi ò fẹ́ kó bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀ ti di ọ̀gá rẹ̀, ojoojúmọ́ ló sì ń pè é báyìí. Ìyàwó mi nu ojú, ó ní, "O ṣeun, ọkọ mi. O ṣe gbogbo ohun tí o lè ṣe."

Ǹ bá gbé e mì, àmọ́ láàárọ̀ yìí mo gbọ́ tó ń sọ fún yín, Mọ́mì, pé òun fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀, pé bóyá orí òun ni kò gbà á. Rárá o! Orí rẹ kọ́, èmi ni. Má fiṣẹ́ sílẹ̀. Èmi fúnra mi á bá ọ lọ, màá sọ ọ́ lójú àwọn aláṣẹ àti lójú Ohùn-Oyin. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi sọ fún àwọn ọmọ yín ọkùnrin pé bí àárò ìyàwó bá ń sọ wọ́n, kí wọ́n la ẹnu pè é.

Mo ti tún un ṣe. Mo ti yọ gbogbo ohun tí mo kó sínú rẹ̀. Tàn án báyìí, jọ̀ọ́. Mo ti to ẹ̀bẹ̀ tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ sílẹ̀, ó gùn díẹ̀, bó bá ṣe ń ṣí lọ́wọ́ ni mo fẹ́ máa bẹ̀ ọ́. Ìyàwó mi, lákọ̀ọ́kọ́ ná...

Áà. Ó ti ṣí.