Ìrìn Bàbá Hidayat Tí Mo Pa Rẹ́

Ohun tí mo gbé mì ti ń jẹrà nínú mi. Bí mi ò bá pọ̀ ọ́ jáde kí wọ́n tó gbé mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, bóyá ni n ó tún ní ẹnu tí n ó fi sọ ọ́. Suwebat ni mo ń jẹ́. Mo ti lé lógójì ọdún kí n tó mọ̀wé kà ní kíláàsì àwọn àgbàlagbà ní Kétu. Láti ibẹ̀ ni mo ti dé ìdí kọ̀ǹpútà, tí Akóredé fi gbà mí sí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìkòsì, níbi tí wọ́n ti ń ṣe géèmù.

Aláàárù Mile 12 kan tó ń ru apẹ̀rẹ̀ tòmátì la èrò kọjá ni géèmù wa dá lé. Akóredé ní kí n ṣe bí aláàárù náà yóò ṣe máa rìn. Mo ṣe é, ọkùnrin náà ń rìn bí ewúrẹ́ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín. Hidayat, ọmọ tí mo lè bí tó wà láàárín wọn, kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀, èyí ló sì dùn mí jù. Ó ní, "Mummy, ẹ jẹ́ n bá yín fọwọ́ kàn án." Muideen bàbá rẹ̀ ti ru ẹrù ní Mile 12 títí àrùn rọpárọsẹ̀ fi dá a dùbúlẹ̀. Ọmọ náà rántí bó ṣe ń fi orúnkún gba ẹrù, bó ṣe ń kí èèyàn lábẹ́ apẹ̀rẹ̀. Nígbà tó parí, bàbá rẹ̀ gan-an ló ń rìn lójú kọ̀ǹpútà. Akóredé ní Hidayat ni yóò fi ìrìn náà han àwọn àlejò tó fẹ́ gbé géèmù náà jáde, bí wọ́n bá sì gbà á, yóò di ọ̀gá lórí wa.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí àwọn àlejò ń bọ̀, mo lọ dúró lẹ́yìn àga Hidayat. Mo mọ̀ pé ọmọ tí wọ́n kọ́ kò ní jókòó kí àgbà wà lórí ìdúró. Ó dìde. "Ẹ jókòó, Mummy. Ẹ jẹ́ n lọ ra búrẹ́dì wá." Ó fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ní ṣíṣí. Gbogbo ara inú géèmù ló ní eegun tirẹ̀, eegun yẹn ni ìrìn ń bá ṣiṣẹ́. Mo yọ eegun aláàárù, mo fi ti ọmọdé kan nínú géèmù náà rọ́pò rẹ̀, kí ìrìn náà má baà bá a mu mọ́. Mo yọ fúláàṣì tó fi ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀ sí kúrò nínú báàgì rẹ̀, mo lọ jù ú sí gọ́tà.

Nígbà tó dé, aláàárù dúró gbagidi, ó na apá méjèèjì bí aṣọ tí wọ́n sá. Akóredé ní, "Hidayat, ìrìn dà?"

"Ó wà níbí, ọ̀gá. Fáìlì ẹ̀ pé, ara yẹn ni ò gbọ́ràn."

Èmi ìkà, mo gbá a léjìká pẹ̀lẹ́. "Fáìlì yẹn ló bàjẹ́. Pa á rẹ́ pátápátá, kí o kó òmíràn wọlé látinú fúláàṣì ẹ." Mo rí i pé kò dá a lójú. Ṣùgbọ́n ó ní, "Bí Mummy bá ti sọ bẹ́ẹ̀," ó sì pa á rẹ́. Lẹ́yìn náà ló ki ọwọ́ bọ báàgì, kò sì rí fúláàṣì níbẹ̀.

Mi ò tíì sọ èyí tó burú jù. Wọ́n ti gbé bàbá rẹ̀ wá sáàárín àwọn àlejò kó wá wo ara rẹ̀ bó ṣe ń rìn. Ó tẹjú mọ́ ọkùnrin tó na apá náà. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́, ọ̀rọ̀ ń fà. "Hidayat, ṣé bí mo ṣe rí lójú ẹ nìyí?" Àlejò kan rẹ́rìn-ín. Mo bá a rẹ́rìn-ín.

Akóredé lé ọmọ náà lọ. Kò pẹ́ sí i, bàbá rẹ̀ kú. Lẹ́yìn ìsìnkú, Hidayat pè mí, ó ní bí òun bá ti fẹ́ tún ìrìn náà ṣe, ẹni tó na apá yẹn lòun ń rí. "Ẹ ṣeun, Mummy. Ẹ̀yin nìkan lẹ dúró tì mí lọ́jọ́ yẹn." Mo ní kò tọ́pẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ bọ̀wọ̀ fún àgbà, àmọ́ ẹ má fi di ojú ara yín. Hidayat, mo ti jẹ́wọ́ fún Akóredé. Dárí jì mí bí o bá lè ṣe é. Bí o ò bá lè ṣe é, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé àgbà ti bẹ̀ ọ́, kí o gbà.