Ìparí Ìwé Ni Mo Di Etí Sí

Jókòó, ìyàwó mi. Jókòó kí n ka àwọn tó wà níbẹ̀ lánàá fún ọ, torí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, n kò sì fẹ́ kí o ti kékeré di àgbà òṣìkà lórí ọ̀rọ̀ mi. Èmi wà níbẹ̀, lórí àga yìí gan-an, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọmọ rẹ tí mo ń pè ní Abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀. Ọmọ apòògùn wà níbẹ̀, èyí tó máa ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí òtútù mú. Ọmọ awakọ̀ wà níbẹ̀, èyí tó ga, tó jẹ́ pé bó bá jókòó, orúnkún rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kí èèyàn. Àti ọ̀rẹ́ wọn kan tí n kò mọ ọmọ ẹni tó jẹ́, tí kò kí mi nígbà tó wọlé, tí kò sì kí mi nígbà tó ń jáde. Ọkọ rẹ náà yọjú, ó wá mú wáyà fóònù, ó ní "Màmá, ẹ kú ìjókòó o," ó bá tirẹ̀ lọ. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Ìwọ kò sí níbẹ̀. O wà lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ, o ń tọ́jú ìyá oníyàá. Ta ló wá sọ fún ọ pé mo dójú ti ọmọ rẹ lójú ẹgbẹ́ rẹ̀? O kò tilẹ̀ tíì gbé báàgì sílẹ̀ tí o fi bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí!

Mo di etí. N kò jiyàn. Ìka mi méjèèjì ni mo kì bọ̀ ọ́, mo ń kọ orin tí kò lórí tí kò nídìí, mo dìde, mo gba àárín wọn kọjá tòun ti ìbàdí tó ń dùn mí yìí, mo wọ yàrá mi, mo fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn. Ó ṣẹlẹ̀. Àmọ́ kí wọ́n wá ní ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé ló sú mi? Kí wọ́n ní ariwo wọn ni mo sá fún? Èmi! Ọlọ́run tó dá mi ló rí mi. Kì í ṣe ariwo ni mo sá fún, ìyàwó mi. Ìparí ìwé ni mo sá fún.

Má wò mí bẹ́ẹ̀. Orí mi pé.

Ìwé wo? Ìwé èmi àti ọmọ rẹ ni! Ìwé ọmọbìnrin oníbúrẹ́dì àti ọmọkùnrin tí bàbá rẹ̀ ń tún aago ṣe. O kò mọ̀ pé à ń kàwé? Níbo lo ti fẹ́ mọ̀? O máa ń jáde láàárọ̀, o máa ń wọlé tòun ti àárẹ̀, n kò bá ọ wí, iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́. Ṣùgbọ́n o máa ń rí irun lórí ọmọ rẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, o máa ń ní, "Màmá, ẹ ṣeun, irun náà dára." Ṣé o rò pé irun lásán ni? Láti ìgbà tó ti kọjá ọmọ tó ń sunkún lábẹ́ òòyà, bí a ti ń ṣe é nìyí: yóò jókòó sílẹ̀ láàárín orúnkún mi, yóò ṣí ìwé lé itan rẹ̀, èmi á máa dì, òun á máa kà. Ojú mi tó ti ń ṣú yìí kò rí lẹ́tà wẹ́wẹ́ mọ́, ì báà jẹ́ ìgò ojú méjì ni mo gbé lé ara wọn. Àmọ́ fi orí lé mi lọ́wọ́ nínú òkùnkùn, màá là á gbọọrọ bí títì tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe. Bí irun bá ti parí, ìwé parí lọ́jọ́ náà. Òfin wa nìyẹn. Nítorí náà, bí ìwé bá dùn, mo máa ń dì í wẹ́wẹ́ kó lè pẹ́. Bí ìwé kò bá nítumọ̀, ńlá ńlá ni, kí n tètè kúrò níbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí o bá rí irun wẹ́wẹ́ lórí ọmọ rẹ, tí o ń yìn mí, mọ̀ pé ìfẹ́ kan ló ń fi ojú ẹnì kan rí màbo nínú ìwé lọ́jọ́ náà!

Ta sì ni ìwọ rò pé ó ń yan àwọn ìwé ọ̀hún? Yóò kó wọn wá láti ilé ìkàwé, yóò ka ojú ewé àkọ́kọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mi létí. Màá ní, "Dá ìyẹn padà, ẹni tó kọ ọ́ ń bẹ̀rù ìyá rẹ̀." Màá ní, "Gbé ìyẹn sílẹ̀, ọmọbìnrin inú rẹ̀ ti ń sunkún kí a tó mọ orúkọ rẹ̀." Màá ní, "Èyí. Èyí ni ká kà." N kì í ṣì í yàn. Nígbà tí ọmọkùnrin aago yìí dá aago ọmọbìnrin náà padà fún un, tí aago tún dúró lọ́jọ́ kejì, ọmọ rẹ ní, "Màmá àgbà, ọ̀dẹ̀ ni bọ̀bọ́ yìí, kò mọ iṣẹ́." Mo ní, "Ta ni ọ̀dẹ̀? Ó mọ iṣẹ́ ju bàbá rẹ̀ lọ. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan kan jẹ́ sílẹ̀ kó lè rí ọ̀nà padà wá ni." Ó ní báwo ni mo ṣe mọ̀. Báwo ni n kò ṣe ní mọ̀? Bàbá ọkọ rẹ, Ọlọ́run ó tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ẹ̀ẹ̀melòó ló tún rédíò bàbá mi ṣe? Rédíò tí nǹkan kan kò ṣe! Yóò wá tú ẹ̀yìn rẹ̀, yóò fi síkúrù kan sápò lọ sílé, rédíò á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, bàbá mi á ní ẹ lọ pe ọmọ yẹn wá. Títí bàbá mi fi mú un lápá lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé rédíò lo ń wá wò ni àbí ọmọ mi? Bó bá jẹ́ ọmọ mi ni, kó gbogbo síkúrù mi wá, ká tó jọ sọ̀rọ̀." Ọmọ rẹ rẹ́rìn-ín títí irun fi bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó ṣí ojú ewé, ohun tí mo wí gan-an ló wà níbẹ̀! Ó kígbe, ó dì mọ́ orúnkún mi.

Ẹni tó ń dì mọ́ orúnkún mi nìyẹn o.

Ibi tí ìwé náà wá mú mi lọ́rùn ni a dúró sí. Ọmọkùnrin náà ń lọ sí ìlú mìíràn. Ó ti wà ní ibùdókọ̀ pẹ̀lú àpótí rẹ̀. Ọmọbìnrin náà ń sáré bọ̀, ìyẹ̀fun wà lára aṣọ rẹ̀, kò tíì mọ̀ bóyá òun yóò bá a lọ ni, àbí òun yóò dá a dúró, àbí òun yóò kàn juwọ́ sí i. Irun parí. Abẹ́rẹ́ ní, "Màmá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ojú ewé kan péré." Mo ní òfin ni òfin, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dé, ọmọ rẹ wọlé, orí rẹ̀ ń dán bí ìdí àwo! Ó ti lọ gé gbogbo irun rẹ̀! Ó ní, "Màmá àgbà, ṣé ó bá mi mu?"

Ó bá a mu. N kò lè purọ́ mọ́ ọn. Orí rẹ̀ rí rogodo, orí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gan-an ni, èyí tí ẹ kò bá láyé. Mo ní ó bá ọ mu, ọmọ mi. Kí ni kí n sọ? Kí n ní irun rẹ ni mo fi ń rí ọ? Ṣé ó yẹ kí àgbà sọ bẹ́ẹ̀ sọ́mọdé? Mo gbé òòyà sínú dúrọ́ọ̀, mo ti dúrọ́ọ̀. Mo ní yóò rántí. Ó sì rántí. Ìwé ló rántí, kò rántí mi. Ó lọ kà á tán fúnra rẹ̀.

Ṣé o mọ bí ilé yìí ṣe máa ń rí bí gbogbo yín bá ti jáde? Fíríìjì á kùn, á dákẹ́. Á tún kùn. Òun ló ń bá mi sọ̀rọ̀. Mo máa ń jókòó síbí, mo ń ro ọ̀rọ̀ ọmọ oníbúrẹ́dì. Lónìí màá ní kó bá a lọ. Lọ́la màá ní ìyá rẹ̀ ńkọ́, ta ni yóò bá a po ìyẹ̀fun? Mo ti bá a wọ ọkọ̀ lọ, mo ti bá a fẹsẹ̀ rìn padà sílé, kò sì sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún. Bí mo bá sọ fún ọkọ rẹ pé ọmọbìnrin kan wà lójú ọ̀nà ibùdókọ̀ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò jẹ́ kí n jẹun, ṣé kò ní gbé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà?

Lánàá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá dé. O mọ bí wọ́n ti ń ṣe, kálukú á sọ ìwé tó kà àti ìdí tí ẹlòmíràn fi gbọ́dọ̀ kà á. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo máa ń jókòó tì wọ́n. Abẹ́rẹ́ dìde, ó gbé ìwé wa sókè. Ìwé wa! Ó ní, "Ọmọkùnrin tí kò bá mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀, kò tíì tó ẹni à ń fẹ́. Ìdí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ ka ìwé yìí nìyẹn." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ta ló ni ọ̀rọ̀ yẹn? Ẹnu ta ló ti bọ́ sí i létí? Ọmọ apòògùn ní, "Áà, níbo lo ti rí irú ọ̀rọ̀ yìí?" Ó ní, "Mo kàn rò ó ni." Ó kàn rò ó ni! Ó dáa. Kó máa mú un lọ. Ẹnu ìyá ìyá mi lèmi náà ti jí i, n kò sì dárúkọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ìyẹn kọ́ ló dùn mí. Ó dùn mí díẹ̀ ṣá.

Ohun tó dùn mí ni pé èyí tó ga yẹn ní, "Jọ̀ọ́, sọ ìparí rẹ̀ fún wa, n kò ráyè ka gbogbo ẹ̀." Ọmọ rẹ ní, "Ẹ sún mọ́ mi." Ẹ sún mọ́ mi! Mo ń wo ojú rẹ̀. Mo ní yóò wo àga mi, yóò rántí pé ẹnì kan ṣì wà lójú ọ̀nà ibùdókọ̀ nínú yàrá yìí. Ojú rẹ̀ gba orí mi kọjá bí ẹni ń wo kọ́tìnì. Ó la ẹnu. Kí ni kí n ṣe? Kí n ní, "Ẹ dúró, èmi náà ń kà á"? Níwájú ọmọ tí kò kí mi? Kí wọ́n máa ròyìn arúgbó tó ń bá àwọn ọmọdé du ìwé ìfẹ́? Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Ìka mi ló gbà á.

O ní ìparí ìwé lásán? Lásán! Gbọ́, ìyàwó mi. Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ girama, bẹ́ẹ̀ ni, girama, mo sì gba ìwé ẹ̀rí mi jáde, ìwé ìfẹ́ kan ṣoṣo ló máa ń dọ́gbọ́n wọ ilé ibùsùn wa, àwa sì pọ̀ bí eṣú. Kí la ṣe? A fà á ya sí wẹ́wẹ́, kálukú fi tirẹ̀ sábẹ́ ìrọ̀rí, a ó máa pààrọ̀. Apá ìkẹyìn ló kọ́kọ́ kàn mí. Mo rí obìnrin kan tó ń sunkún nínú ọgbà òdòdó, ọkùnrin kan kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, obìnrin náà ní òun ti dárí jì í, mo bá wọn sunkún. Kí apá àkọ́kọ́ tó yí kàn mí, ìyá tó ń ṣọ́ ilé ibùsùn ti gbà á, ó ti sọ ọ́ síná. Títí di òní tí mo ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí, mo mọ ìdáríjì, n kò mọ ẹ̀ṣẹ̀. Kí ni ọkùnrin yẹn ṣe? Mo ti bímọ, mo ti sin ọkọ, n kò tíì yé rò ó. Mo búra nígbà náà pé ẹnikẹ́ni kò tún ní gbé ìparí lé mi lọ́wọ́ kí ẹsẹ̀ mi tó rìn débẹ̀.

Kí lo wí? Fóònù tó ń kàwé? O ti gbé e fún mi rí, Ọlọ́run yóò san án fún ọ. Ohùn obìnrin tó ń pe nọ́ńbà ní ilé ìfowópamọ́! Ọmọkùnrin ní "mo nífẹ̀ẹ́ rẹ," ó kà á bí ẹni ń ka iye owó iná. Ẹnì kan kú, ohùn kan náà. Kò mí. Bí mo bá ní irọ́ ni ọmọ yìí ń pa, kò ní dáhùn, kò ní bá mi jiyàn, kò ní ní "Màmá àgbà, ẹ jẹ́ ká wò ó ná."

Ehn?

Ó ń sunkún? Láti àná? Nítorí kí ni? Ó rò pé... Háà. Ó rò pé nítorí ọ̀rọ̀ tó jí sọ ni mo ṣe dìde? Ó wá kan ilẹ̀kùn mi? Ìgbà wo? Ẹ̀ẹ̀melòó? Irọ́ ni, n kò gbọ́! Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbọ́? Ìka mi ṣì wà létí! Mo jókòó sórí ibùsùn, mo ń kọrin, mo ní wọn kò tíì sọ ọ́ tán! Yé, ẹ gbà mí o, ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Ọmọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bẹ̀ mí, èmi wà nínú ilé, mo ń kọrin lé e lórí! Ṣebí mo ní ẹni tí kò mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀...

Abẹ́rẹ́! Abẹ́rẹ́ o! Jáde wá. Má bẹ̀ mí, má dá mi lóhùn rárá, pa ẹnu dé kí nǹkan kan má já bọ́ nínú rẹ̀. Gbé ìwé wa dání. Ìyàwó, ìwọ lè jókòó bó bá wù ọ́, ṣùgbọ́n a kò ní padà sí ìbẹ̀rẹ̀ nítorí rẹ. Abẹ́rẹ́, nu ojú rẹ, jókòó sílẹ̀ níbi tí o máa ń jókòó. Kò sí irun, mo rí i, kí ni mo ní kí o fi irun ṣe? Ṣí i níbi tí ọmọbìnrin náà ti ń sáré bọ̀. Má sáré jù ú lọ. Bí o bá sì ń sún mọ́ ibi tó pa ọ́ lẹ́kún, má jẹ́ kí ohùn rẹ kọ́kọ́ sọ fún mi. Kà á bí ẹni tí kò tíì mọ̀.